Àkànó, A Ò Gbé Irin Yín Lé Òṣùwọ̀n

Bàbá Ìdíátù, Àkànó mi, ọdún márùn-ún rèé! Ọdún márùn-ún gbáko tí ẹ jáde nílé láàárọ̀, tí ẹ ní ẹ ń lọ wo irin kan ní Ìsọlọ̀, tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn yín nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì gbé yín padà wá fún mi lọ́sàn-án. Oṣù Fẹ́búárì ọdún 1988 nìyẹn. Fẹ́búárì 1993 la wà yìí, èmi Sìdíkátù ìyàwó yín ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi àti àwọn ọmọ yín méjèèjì, Ìdíátù àti Nùrẹ́nì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ mọ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi kì í tètè dákẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkọ̀tún ṣì ń ṣí. Orúkọ yín ṣì wà lójú pátákó. Mo pe ẹni tó tún un kọ lọ́dún tó kọjá, nítorí òjò ti fẹ́ pa á rẹ́. Àwọn kan ní kí n kọ orúkọ tèmi síbẹ̀ báyìí. Mo ní kí wọ́n gbẹ́nu wọn dákẹ́.

Ìdíátù yín ti wà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó ku ọdún kan kó parí. Bó bá dúró báyìí, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ọ̀gá ilé-ìwé ni. Nùrẹ́nì ti ga jù mí lọ. Bàtà yín tí mo tọ́jú pa mọ́ dè é, kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì ló ń wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Ilé Ìgandò tí ẹ fi sílẹ̀ láìlórùlé, a ti kan páànù lé e. A kó wọ ibẹ̀ lọ́dún 1991. Ọ̀nà rẹ̀ ò dáa tí òjò bá rọ̀, iná náà sì ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n ilé wa ni. Kò sí lánlọ́ọ̀dù tó ń kanlẹ̀kùn mi mọ́.

Irin yín ló ṣe gbogbo rẹ̀. Irin tí mo máa ń bú!

Ẹni tó bá ń ka ìrántí yìí tí kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Oníbàtà tó fẹ́ ṣe bàtà púpọ̀ kì í fi ọ̀bẹ gé awọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin kan wà tí wọ́n tẹ̀ ní ìrísí bàtà, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n á gbé e lé orí awọ, wọ́n á fi òòlù lù ú, gbì! Awọ á já. Ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gé, ìrísí kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Dáì ni àwọn oníbàtà ń pè é. Tuntun rẹ̀ láti òkè òkun, owó gọbọi ni. Àlòkù rẹ̀ ni ẹ̀yin ń tà, èyí tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàtà tó bá ń kógbá wọlé.

Ẹ mọ iye tó yẹ irin. Ẹ kì í wo bó ṣe tóbi tó. Ẹ á fi ẹ̀yìn èékánná fa ẹnu rẹ̀ yíká. Ẹ á gbé e lé gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ á bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, irin náà ti wọ́, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ á wo ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀, bóyá ó ti ń sán. Ẹ á wá gé páálí kan wò. Ìgbà náà ni ẹ á tó dá iye lé e. Bí oníbàtà bá rojọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ kì í yọ ju náírà mẹ́wàá lọ.

Èmi ńkọ́? Irin pàǹtí ni mo ń pè é. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, tí mo ní kí ẹ kó pàǹtí yín kúrò ní yàrá mi, pé ọkọ ẹlòmíì ń ra aṣọ wálé, tèmi ń kó ìpẹtà. Ẹ kàn wá aṣọ di ẹsẹ̀ mi. Bàbá Ìdíátù, mo tọrọ àforíjì. Mo ti tọrọ rẹ̀ lórí ẹní ìkírun mi, mo tún ń tọrọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, ẹ̀gbọ́n yín, Bùọ̀dá Sàlàkọ́ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, pè mí jókòó. Wọn ò bá mi jà o, ẹni ire ni wọ́n. Wọ́n ní obìnrin ò lè ta irú ọjà báyìí, àwọn oníbàtà á yan mí jẹ. Wọ́n ní tí mo bá ti jáde opó, àwọn á mú oníirin wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n, á wọn gbogbo irin yín ní kílò kílò, àádọ́ta kọ́bọ̀ kílò kan, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí èmi àti àwọn ọmọ máa bọ̀ nílé, kí n máa ta ọṣẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Háà! Ìdíátù tó ti wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì? Ilẹ̀ Ìgandò tí ẹ ti mọ ògiri lé lórí? Àti iṣẹ́ yín, tí ẹ fi ọdún mọ́kànlá kó jọ, kí wọ́n lọ yọ́ ọ di ọ̀pá ìkọ́lé? Mo ní Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dán an wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, lọ́jọ́ tí mo bá jáde opó, tí mo bá lè ta ẹyọ sẹ́ẹ̀tì irin kan péré lójú àwọn, ní iye tó ju ti òṣùwọ̀n lọ, àwọn á gbà kí ṣọ́ọ̀bù náà dúró. Tí mi ò bá lè tà á, kí n di ẹrù mi. Mo ní mo gbà.

Ẹ mọ̀ pé opó ò gbọdọ̀ jáde, oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní kí wọ́n kó irin wá bá mi nílé. Ọmọlanke mẹ́ta ló kó o wá, wọ́n dà á sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà nígbà náà. Ìpẹtà, gírísì, eruku. Mo wò ó títí, mo ní ta ni máa fowó ra nǹkan tó rí báyìí? Mo ní kí wọ́n bá mi ra ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, gálọ́ọ̀nù méjì. Mo fi kẹrosíìnì fọ irin yín, mo fi yanrìn ha á, mo kùn ún lọ́dà, ẹ̀yìn àti iwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kùn ún. Tí oòrùn bá ta sí i, ojú á máa ṣe èèyàn yìndìnyìndìn. Inú mi ń dùn! Mo ní Bàbá Ìdíátù á mọ̀ níbi tí wọ́n wà pé àwọn fẹ́ ìyàwó sílé.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi sunkún, mi ò ríran rárá.

Ọ̀gá Àjíṣafẹ́, oníbàtà Dòpèmú, oníbàárà yín àtijọ́, wá bá mi kẹ́dùn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọn ò wọlé, nítorí pé opó ni mí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí irin. Wọ́n ní yéè! Wọ́n bi mí pé ta ló ṣe wá báyìí. Mo ní èmi ni, mo tilẹ̀ ń retí kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń kun dáì lọ́dà àfi ẹni tó ní ibi tó sán tó fẹ́ fi pa mọ́, pé kò sí oníbàtà láti Mushin dé Abúlé Ẹ̀gbá tó máa dáwó lé èyí. Wọ́n ní ìpẹtà ẹ̀yìn irin ò ba nǹkan kan jẹ́, ẹnu rẹ̀ làwọn ń rà.

Wọ́n tún ní àmì tí ẹ máa ń tọ́ sẹ́yìn irin ńkọ́? Mo ní àmì wo? Ni wọ́n bá ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀kán ọ̀dà pupa kan, yẹ́lò méjì, dúdú kan: bí ẹ ṣe ń mọ irin tó bára wọn ṣe sẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Irin mẹ́fà ni sẹ́ẹ̀tì kan, láti nọ́ńbà kékeré dé ńlá. Tí ọ̀kan bá sọnù nínú rẹ̀, wọn ò ní fún yín ní ìdajì owó rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà látilẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán lára púpọ̀ nínú wọn. Àmì yín nìkan ló kù, èmi Sìdíkátù sì ti fi yanrìn ha á dànù. Irin àádọ́rin lé ní igba, gbogbo wọn dàpọ̀, gbogbo wọn ń dán!

Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò sunkún o. Ẹ mọ̀ mí, inú ló bí mi. Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí ẹni tó ta ọ̀dà fún mi, inú bí mi sí ẹ̀yin náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin! Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi wà pọ̀, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi? Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni mo rántí pé ẹ máa ń fẹ́ sọ ọ́, èmi ni mo máa ń sọ pé orí ń fọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wá òòlù yín, mo kó páálí jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí lu irin lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gé. Gbì, gbì, gbì. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi páálí náà ṣe, mo kàn mọ̀ pé mi ò lè káwọ́ gbera. Lucy bá jáde. Ẹ rántí Lucy, télọ̀ ọmọ Òndó tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, tí ẹ̀yin àti ẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ ìsìn ṣe yẹ̀yẹ́ ara yín. Ó wá bá mi jà ni. Ó ní ariwo òòlù mi ò jẹ́ kóun gbọ́ nǹkan tí oníbàárà òun ń sọ, pé òun ti gé ọrùn aṣọ kan kọjá ibi tó yẹ. Bó ti ń jà lọ́wọ́, ó tẹ páálí mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ṣa méjì, ó gbé ọ̀kan lé orí èkejì. Ìjà tán lójú ẹ̀.

Ó ní ṣé mi ò rí i ni? Ó ní bí àwọn ṣe ń gé aṣọ ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ọmọ ọdún mẹ́wàá gan-an nìyí. Ìrísí kan náà ni, ó kàn ń tóbi díẹ̀ díẹ̀ yíká. Ó ní tí mo bá gbé kékeré lé ńlá, tí àlàfo etí rẹ̀ bá dọ́gba yíká, ọmọ ìyá ni wọ́n. Tí kò bá dọ́gba, kí n wá ìyá ẹ̀ síbòmíì.

Bá a ṣe ṣe é nìyẹn! A gé páálí àádọ́rin lé ní igba. Páálí mílíìkì, páálí ọṣẹ, páálí bàtírì, kò sí èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò dànù tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára irin, mo fi báírò kọ nọ́ńbà kan náà sára páálí. A tò wọ́n sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ látòkè délẹ̀, àwọn tá a jọ ń gbé á máa fò wọ́n kọjá lọ sí balùwẹ̀, wọ́n á máa kùn. Tí Lucy bá ti dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn tán, á wá jókòó tì mí. Á ní èyí kọ́, mo ní òun ni. Sálúbàtà méjì kan wà tó jọra wọn débi pé ọjọ́ mẹ́ta la fi jà lórí wọn. Lucy ló jàre, ẹ má sọ fún un pé mo gbà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó lé ní oṣù méjì tá a fi wà lẹ́nu ẹ̀.

Sẹ́ẹ̀tì méjìdínlógójì ló pé. Ìyókù ò pé, mo yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo wá fi tínà nu ọ̀dà kúrò lẹ́nu irin àti lójú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, kí oníbàtà lè fojú ara rẹ̀ rí i pé a ò fi nǹkan kan pa mọ́. Èyí tó sán, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tó ti sán. Nígbà tá a fi ṣe tán, èékánná mi ti mọ̀wé. Mo lè dijú kí n sọ irin tó ti kú àti èyí tó ṣì mú.

Ọjọ́ tí mo jáde opó pé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, mo ní kí wọ́n kó irin padà, mo forí lé ṣọ́ọ̀bù. Bùọ̀dá Sàlàkọ́ ti débẹ̀ ṣáájú mi. Oníirin bá wọn wá, ó ti fi òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ lẹ́nu ìlẹ̀kùn yín. Mo ti ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àjíṣafẹ́, àwọn náà mú oníbàtà méjì dání láti Àkòwọ́njọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ò gbà wá, ojúde la dúró sí.

Mo gbé sẹ́ẹ̀tì sálúbàtà ọkùnrin kan jáde. Ọ̀gá Àjíṣafẹ́ ní èló. Mo ní irinwó náírà. Oníirin bú sẹ́rìn-ín! Ó kó irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí òṣùwọ̀n, ó ní kílò mẹ́fà, náírà mẹ́ta. Bùọ̀dá Sàlàkọ́ mi orí, wọ́n wo ilẹ̀. Ọ̀gá Àjíṣafẹ́ ní àwọn á san àádọ́jọ.

Bàbá Ìdíátù, mo fẹ́ gbà á. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àádọ́jọ ju náírà mẹ́ta lọ, mo ti borí nìyẹn, ẹrù mi ò ní lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọ fún mi pé tí mo bá gba iye tí kò tó ìdajì lónìí, òun ni wọ́n á máa fún opó títí ayé, ṣọ́ọ̀bù náà á sì kú kó tó pé ọdún. Mo gbé gíláàsì yín jáde. Mo gbé irin lé e, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo ní kí wọ́n fi èékánná fà á. Mo gba awọ tí wọ́n mú dání lọ́wọ́ wọn, mo gé e, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tò ó lé ara wọn lójú wọn. Mo ní kò sán, kò wọ́, kò dín ẹyọ kan, sálúbàtà yìí sì ni àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ jímọ́ọ̀ kárí Èkó. Mo ní irinwó. Wọ́n ní igba. Mo ní irinwó.

Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kó irin mi padà, ojú mi le koko. Wọn ò tíì dé etí títì tí ọ̀kan nínú àwọn oníbàtà Àkòwọ́njọ fi ní, Ìyá, ẹ gba ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì lọ́wọ́ mi. Kíá ni Ọ̀gá Àjíṣafẹ́ yí padà! Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, àwọn làwọn kọ́kọ́ ná an. Wọ́n na ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta náírà sí mi lọ́wọ́. Mo gbà á, mo ní kí Ọlọ́run fi ṣe àǹfààní fún wọn.

Bùọ̀dá Sàlàkọ́ tú òṣùwọ̀n kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn fúnra wọn, wọ́n gbé e fún oníirin, wọ́n fún un lówó ọkọ̀, wọ́n ní kó máa lọ ire. Wọ́n wá ní kí n fún àwọn lómi mu. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní àwọn ò ní dá ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé mo ti gbọ́n tán lọ́jọ́ náà o. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún yẹn, ọkùnrin kan wá láti Mushin, ó fẹ́ sẹ́ẹ̀tì sàńdáàlì ọmọ iléèwé. Mo wò ó pé irin náà kéré, mo ní ọgọ́rin náírà. Ó sanwó láìná! Oníbàtà tó sanwó láìná, Bàbá Ìdíátù! Ó ti wọ mólúè kí n tó rántí pé Sẹ́tẹ́ńbà ló ń bọ̀, pé gbogbo ọmọ Èkó ló fẹ́ wọ sàńdáàlì tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jẹun dáadáa. Láti ìgbà náà, tí Júláì bá ti dé, kò sí irin tó wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó irin kékeré.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀. Náírà ti di yẹpẹrẹ, dáì tuntun ò ṣeé fojú wò mọ́, gbogbo oníbàtà ló ń sá tọ àlòkù. Irú sẹ́ẹ̀tì tí mo tà lọ́jọ́sí, ẹgbẹ̀rún kan náírà àti igba ni mò ń tà á báyìí. A ò tọ́ àmì ọ̀dà mọ́. Páálí tí irin gé ni mo ń so mọ́ sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo fi kọ́ ara ògiri, oníbàtà á ti rí ohun tó fẹ́ láti ìta. Ẹ má bínú o, tèmi dáa ju tiyín lọ. Lucy ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Àkòwọ́njọ, ó ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún. Bùọ̀dá Sàlàkọ́ ló ń kó àwọn oníbàtà Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi lọ́dọọdún, wọ́n á máa fọ́nnu pé ìyàwó àbúrò àwọn ò ní ẹlẹgbẹ́. Mo kàn máa ń wò wọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oṣù tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ bàtà kan lọ́nà Ìkẹjà fẹ́ kógbá wọlé, wọ́n pe àwa oníṣòwò mẹ́ta pé ká wá dá iye lé dáì wọn, ẹgbẹ̀rún kan irin ó dín díẹ̀. Ọkùnrin làwọn méjì yòókù. Wọ́n rìn yí òkìtì irin náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá iye, wọ́n lọ jẹun. Èmi ní kí wọ́n fún mi ní tábìlì kan àti páálí. Mo gbé gíláàsì yín dání lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dá iye tèmi, ó ju tàwọn méjèèjì lọ, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi ni ilé-iṣẹ́ náà tà á fún. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko ló kó o wá sí Ìgandò!

Ìdíátù ní ẹ kú oríire, Màmá. Nùrẹ́nì ní kí la máa jẹ. Lucy wá, ó dì mọ́ mi, ó jó. Bùọ̀dá Sàlàkọ́ ṣàdúrà gígùn. Gbogbo wọn ló bá mi yọ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé báwo ni mo ṣe dé orí iye yẹn. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn ń béèrè irú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti irin náà nínú ọgbà wa, oòrùn ọ̀sán ṣì mú. Mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí a sin yín.

Àkànó mi, ẹ̀yin lẹ bá bi mí. Torí náà ẹ gbọ́. Mo yọ èyí tó sán, ó lé ní ọgọ́fà. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àṣà rẹ̀ ti kọjá, mo kà á sí irin lásán. Sàńdáàlì ọmọ iléèwé wà nísàlẹ̀ òkìtì níbi tí àwọn ọkùnrin ò bẹ̀rẹ̀ dé, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá, ó pé pérépéré. Orí ìyẹn ni mo dúró lé, mo dá ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì náírà. Ṣé kò pọ̀ jù? Ṣé ẹ̀yin náà bá dá bẹ́ẹ̀?

Kí Ọlọ́run forí jì yín, kó fi àlùjánnà ṣe ibùgbé yín. A ò gbàgbé yín. Àwọn ọmọ fẹ́ràn yín, èmi fẹ́ràn yín jù wọ́n lọ, mi ò sì sọ ọ́ tó nígbà tí ẹ wà níwájú mi. Mo mọ̀ pé iye tí mo dá yẹn dáa. Ẹnu yín ni mo kàn ti fẹ́ gbọ́ ọ.